Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Mo mọ̀ pé ewì àti ìtàn lẹ máa ń wá nínú ìwé wa yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní ojú ewé díẹ̀ lónìí. Inú ló ń bí mi, n kò sì ní fi bò.

Ọ̀rọ̀ kan ló ti di orin nínú ọgbà. Bí ẹnì kan bá ti lanu dárúkọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ẹlòmíràn á ti já a gbà: "Ìwé la wá kà níbí o, a ò wá jà." Àwọn tó bá gbọ́n jù á tún fi kún un pé: "Ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Ti Geneva ni, ti Amẹ́ríkà ni. Kí ló kan yunifásítì níbẹ̀?" Àwọn olùkọ́ ń sọ ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin gan-an, tí wọ́n ń wọ dúdú lórí funfun bíi kannakánná, àwọn náà ń sọ ọ́.

Mo ní irọ́ ni. Ìwé kíkà àti ìjà fún ẹ̀tọ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ẹni tó bá kàwé dáadáa ló ń rí ohun tó máa fi jà. Mo ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ẹ̀rí náà kò sì sí ní London tàbí New York. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ló wà, ní ìlú Pretoria.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọdún 1986. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà kéde ipò pàjáwìrì jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ọlọ́pàá lè gbé èèyàn sọ sí àhámọ́ láìgbé e dé iwájú adájọ́. Mandela ṣì wà lẹ́wọ̀n. Yunifásítì Pretoria nígbà náà kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí ìyà ń jẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ aláwọ̀ funfun ni, èdè Afrikaans ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, ó sì di ọdún 1989 kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹ̀yà. Inú ilé yẹn, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin rẹ̀, ni àwọn olùkọ́ kan ti dìde lọ́dún 1986 yẹn gan-an, tí wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Centre for Human Rights. Johann van der Westhuizen ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ fara balẹ̀ rò ó wò. Wọn ò sá lọ sí ìlú òkèèrè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Abẹ́ òrùlé ẹni tí wọ́n ń bá wí ni wọ́n jókòó sí. Bí ó bá ṣe pé ẹnì kan wà láyé yìí tó lè sọ pé "ìwé la wá kà, a ò wá jà" kí ó sì jẹ ẹ́ gbé, àwọn ni. Owó oṣù wọn ń wọlé. Awọ ara wọn gan-an tó páàsì ní ìlú yẹn. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wó, tí wọ́n ń kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun tó jáde lọ́dún 1996, van der Westhuizen wà lára àwọn onímọ̀ tí wọ́n pè láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Lọ́dún 2004 ó di adájọ́ ní kóòtù gíga jù lọ tó ń dáàbò bo òfin ìpìlẹ̀ náà.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ibùdó yìí bá ìjọba ilé ara rẹ̀ wí kí ó tó lọ bá ti ẹlòmíràn wí. Ẹ di gbólóhùn yẹn mú ṣinṣin. Òun ni n óò fi bá wa jà níkẹyìn.

Ó yá, báwo ni ibùdó kan nínú yunifásítì kan ṣe ń ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn síwájú ká gbogbo ayé? Kò ní ọlọ́pàá, kò ní ọmọ ogun, kò lè de ààrẹ kankan mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin ni mo rí tí wọ́n ń ṣe, kò sì sí èyí tí kò tó ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nínú wọn.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ gbọ́ ti àkọ́kọ́, nítorí ó jọ iṣẹ́ tiwa. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ẹjọ́ àfidánrawò fún àwọn yunifásítì Áfíríkà. Ìtàn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ. Wọn á dá orílẹ̀-èdè kan sílẹ̀ tí kò sí lórí máàpù, wọn á fún un ní ìjọba, ní òfin, ní àwọn aráàlú tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Wọn á fi ìtàn náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀ka òfin káàkiri. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wá, ìhà méjèèjì sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà sọ̀rọ̀: nísinsìnyí wọ́n ń ro ẹjọ́ fún ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, tó bá ṣe díẹ̀ wọ́n á tún dìde gbèjà ìjọba tó fìyà jẹ ẹ́. Àwọn kan ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, àwọn kan ń fi Faransé, àwọn kan ń fi Potogí.

Ẹnì kan á ní: "Eré ọmọdé nìyẹn o jàre." Ṣé eré ọmọdé? Ẹni tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbèjà ìjọba burúkú rí, tó ti wá gbogbo àwáwí tí ìjọba lè wí, ọjọ́ tí ìjọba tòótọ́ bá gbé àwáwí yẹn dé, kò ní bá a lójijì. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sì fẹ́ kópa kò ní ṣàì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn àti ti Àwọn Ènìyàn, ìyẹn àdéhùn tí àwọn olórí Áfíríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1981, tí Nàìjíríà sì sọ di òfin ilé lọ́dún 1983. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé òfin yẹn wà? Lọ́dún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti gbogbo àgbáyé. Orúkọ Nelson Mandela ló ń jẹ́ báyìí, Geneva sì ni wọ́n gbé e lọ. Ẹ kíyè sí i: Áfíríkà ló gbé e lọ bá Geneva. Níbo wá ni "ọ̀rọ̀ òyìnbó" wà níbẹ̀?

Iṣẹ́ kejì: láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn amòfin ọ̀dọ́ fún oyè kejì lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìjọba àwa-ara-wa ní Áfíríkà. Nǹkan bí ọgbọ̀n ni wọ́n ń mú lọ́dún kan, láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Wọ́n á jọ kàwé ní Pretoria fún apá kan ọdún náà, lẹ́yìn náà wọ́n á fọ́n ká lọ sí àwọn yunifásítì mìíràn tí wọ́n jọ ń ṣe é. Makerere ní Uganda wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni Yunifásítì Ghana àti Eduardo Mondlane ní Mozambique. Ẹ fojú inú wo ọmọ Èkó tó jókòó ti ọmọ Addis Ababa, tí ọmọ Maputo wà lẹ́yìn wọn. Bí wàhálà bá bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹni tó yẹ kí ó pè lórí fóònù kì í ṣe àlejò. Ẹni tí wọ́n jọ jẹ ẹ̀wà ni. Àjọ UNESCO fi ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dá ibùdó náà lọ́lá lọ́dún 2006, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà náà sì fún un ní tiẹ̀ lọ́dún 2012.

Iṣẹ́ kẹta ló dùn mọ́ mi jù, òun náà ló sì dùn mí jù. Wọ́n ń tẹ ìwé. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ń gbé ìwé àtìgbàdégbà jáde lórí òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Áfíríkà. Wọ́n tún ní ilé ìtẹ̀wé, wọ́n ń kó ìdájọ́ àwọn kóòtù àti ìgbìmọ̀ ilẹ̀ wa jọ, wọ́n sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ ni mo wí o! Lọ́yà tó wà ní ìlú kékeré tí kò ní láíbìrì lè rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní kọ́bọ̀ lè rí i. Ẹ wá wo tiwa. Olùkọ́ á kó fọ́tòkópì ojú ewé ogójì jọ, á fi abẹ́rẹ́ bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní ẹni tí kò bá rà á kò ní rí máàkì. Orí ojú ewé kejìlá hándáàtì yẹn ni wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́. Ẹ̀rín ni kí n rín ni àbí kí n sunkún?

Iṣẹ́ kẹrin ni ẹjọ́ pípè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kíláàsì.

Ní ilẹ̀ Senegal, àwọn òbí máa ń fi ọmọ sílé kéwú kí wọ́n lè kọ́ Àlùkùránì. Ohun tó dára ni. Àwa náà mọ ilé kéwú nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbé wàláà dání rí. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kan níbẹ̀ sọ àwọn ọmọ náà di ẹrú. Wọ́n á lé wọn sí títì pẹ̀lú agolo lọ́wọ́ kí wọ́n lọ ṣagbe, ẹni tí kò bá sì mú iye tí wọ́n bù fún un wálé á jẹ ẹgba. Tálíbé ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìwé ẹjọ́ náà sọ pé wọ́n tó ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000, láti ọmọ ọdún mẹ́rin títí dé ọmọ ọdún méjìlá. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Àbúrò yín tí kò tíì lè de okùn bàtà ara rẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rin.

Lọ́dún 2012, ibùdó Pretoria àti ẹgbẹ́ kan ní Senegal tí wọ́n ń pè ní RADDHO gbé ìjọba Senegal lọ síwájú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé. Kì í ṣe ẹ̀sìn ni wọ́n pè lẹ́jọ́, kì í sì í ṣe gbogbo àáfà. Ìjọba ni. Wọ́n ní òfin wà nílẹ̀ ní Senegal láti ọdún 2005 tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọmọ ṣagbe jẹun, ẹ̀yin ìjọba ẹ sì káwọ́ gbera. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ìgbìmọ̀ náà dá Senegal lẹ́bi. Wọ́n ní kí ó kó àwọn ọmọ kúrò ní títì padà sọ́dọ̀ ẹbí wọn, kí ó máa ṣàyẹ̀wò àwọn ilé kéwú, kí ó sì fi òfin gbé ẹni tó bá ń jẹ ọmọ níyà.

Kò tán síbẹ̀. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá síwájú ìgbìmọ̀ yìí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ibùdó Pretoria yìí náà ló ti wá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé apá àríwá Uganda ni, níbi tí ogun ti sọ ọmọ di jagunjagun. Ọdún 2005 ni wọ́n fi ẹjọ́ náà lélẹ̀. Ọdún 2013 ni ìdájọ́ jáde. Ọdún mẹ́jọ! Ta ló lè dúró ti ẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mẹ́jọ? Olóṣèlú kò lè dúró, ìbò á ti dé. Ẹgbẹ́ tó ń tọrọ owó kò lè dúró, owó á ti tán. Ilé-ẹ̀kọ́ lè dúró, nítorí ọdọọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń wọlé tó lè gba fáìlì lọ́wọ́ ẹni tó ń jáde. Agbára tí yunifásítì ní nìyẹn tí àwọn yòókù kò ní: kì í darúgbó.

Bí ẹnì kan bá ṣì ń sọ pé ọ̀rọ̀ abúlé ni èyí, kò kan àgbáyé, kí ó gbọ́ nípa Christof Heyns. Òun ló darí ibùdó náà láti 1999 sí 2006. Lọ́dún 2010 Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi í ṣe aṣojú tó ń tọpinpin ìpànìyàn láìnídìí káàkiri ayé, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 2016. Lọ́dún 2013 ó gbé ìròyìn kan síwájú wọn ní Geneva nípa àwọn ẹ̀rọ ogun tó lè fúnra wọn pinnu ẹni tí wọ́n máa pa, ó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dáwọ́ ṣíṣe wọn dúró ná títí tí wọ́n á fi fẹnu kò lórí òfin. Olùkọ́ òfin láti Áfíríkà ló ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń rọ rọ́bọ́ọ̀tì!

Heyns yìí kan náà ló tún darí kíkọ ìwé ìtumọ̀ òfin tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2020 lórí ẹ̀tọ́ láti péjọ ní àlàáfíà. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 2021. Ìwé náà sọ pé bí àwọn olùwọ́de kò bá tilẹ̀ sọ fún ìjọba ṣáájú, ìyẹn nìkan kò sọ wọ́n di arúfin. Ó sọ pé ìbọn kì í ṣe ohun èlò títú èrò ká. Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó wọ àdéhùn tí ìwé náà ń túmọ̀, láti ọdún 1993.

Oṣù keje 2020. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ogúnjọ́ oṣù, alẹ́, Lekki. Àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa jókòó, wọ́n gbé àsíá lọ́wọ́, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ jábọ̀ pé wọ́n yìnbọn fún àwọn olùwọ́de tí kò ní ohun ìjà kankan. Ẹ wá sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò kàn wá. Ẹ sọ fún mi pé ti Geneva ni.

Mo mọ èsì tí ẹ fẹ́ fọ̀. Ẹ̀ ń sọ pé: "Ìwé wà, ìbọn ṣì dún. Ìdájọ́ jáde, àwọn tálíbé ṣì wà ní títì Dakar pẹ̀lú agolo. Kí wá ni èrè rẹ̀?" Ẹ̀hónú gidi nìyẹn, n kò ní fi ọwọ́ gbá a dànù. Òótọ́ ni pé wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ìdájọ́ tí ìjọba kò bá mú ṣẹ, bébà lásán ni lójú ọmọ tí ebi ń pa. Ibùdó òfin tó bá ń ka ẹ̀bùn orí tábìlì rẹ̀ láì ka iye ọmọ tó kúrò ní títì, ó ti sọnù.

Àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè: ṣáájú ìdájọ́ yẹn, kí ni ìjọba Senegal lè sọ? Ó lè sọ pé àṣà wa ni. Ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Lẹ́yìn ìdájọ́, àwáwí yẹn ti kú. Ẹni tó bá dìde ní Dakar lónìí láti jà fún àwọn ọmọ náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo, ìwé ìdájọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Lekki. Bí kò bá sí òfin tó ní ìbọn kọ́ la fi ń tú èrò ká, ẹni tó yìnbọn á ní òun ń tọ́jú ìlú ni, ìyá ọmọ tó kú á sì gbà pé àyànmọ́ ọmọ òun ni. Ohun tí ẹ̀kọ́ òfin ń ṣe nìyẹn: ó ń gba ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ àyànmọ́, ó ń kọ ọ́ sí ọrùn ẹni tó ṣe é.

Ẹlòmíràn ní: "Wọ́n lówó ní Pretoria, àwa ò ní." Òótọ́ ni pé wọ́n lówó jù wá lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2004, pẹ̀lú àìsí iná àti àìsí omi wa yìí náà, Yunifásítì Adekunle Ajasin ní Àkùngbá-Àkókó wà lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin tó kọ́kọ́ dá ilé ìrànlọ́wọ́ òfin sílẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba àwọn tálákà nímọ̀ràn lábẹ́ ojú olùkọ́. Lọ́dún 2007, Yunifásítì Ìbàdàn dá ti àwọn obìnrin sílẹ̀. Owó kọ́ ló jẹ́ ìdènà àkọ́kọ́. Ìfẹ́ inú ni.

Ó wá kan ibi tí mo ń bọ̀. Ọdún 1986 tí mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ yẹn, ohun ńlá kan ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ tiwa náà lọ́dún yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Maiduguri kan, tí Garba jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ni wọ́n lé kúrò nílé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn rògbòdìyàn kan. Wọ́n ní wọ́n dáná sun ilé, wọ́n ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó wádìí wọn ni igbákejì ọ̀gá àgbà yunifásítì náà, ẹni tí iná rògbòdìyàn yẹn jó ilé tirẹ̀! Ẹni tí iná jó ilé rẹ̀ ló jókòó tó ń bi ni ta ló dáná. Àwọn ọmọ náà kò gbà. Wọ́n gbé e dé Kóòtù Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà, kóòtù náà sì dá wọn láre: wọ́n ní ẹ̀sùn ọ̀ràn bí iná dídá, kóòtù ló ni í, kì í ṣe yunifásítì, wọ́n ní a kò sì gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ náà bó ṣe tọ́. Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà èèyàn ni. Abala kẹrìndínlógójì òfin ìpìlẹ̀ 1999 sọ ohun kan náà.

Ìdájọ́ yẹn wà nínú ìwé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Wọ́n ń há a sórí fún ìdánwò. Ẹ wá bi mí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Ní ọgbà kan tí n kò ní dárúkọ, mo mọ ọmọ kan tó rí orúkọ ara rẹ̀ lára pátákó ìsọfúnni láàárọ̀ ọjọ́ kan pé wọ́n ti dá a dúró fún ọdún méjì. Wọn ò pè é. Wọn ò bi í. Wọn ò fi ẹ̀sùn náà hàn án. Lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ̀ka òfin ọgbà yẹn ń ṣe Àyájọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kejìlá. Báńà gùn láti ẹnu ọ̀nà dé gbọ̀ngàn. Àlejò ti Àbújá wá. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n jẹ adìyẹ, wọ́n ya fọ́tò. Ọmọ yẹn ń di ẹrù rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn olùsọ̀rọ̀ tó béèrè rẹ̀.

Irú ibùdó yẹn kò lè ti ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni síwájú ní àgbáyé. Ẹni tí kò lè rìn dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, báwo ni yóò ṣe rìn dé Dakar? Àwọn ará Pretoria lè kọ̀wé ẹjọ́ sí Senegal nítorí pé wọ́n ti kọ́kọ́ bá ìjọba tó wà lórí wọn wí nígbà tí ó léwu. Àwa fẹ́ gbé ẹ̀ṣọ́ lọ sóde láìní i nílé. Òde á mọ̀.

Nítorí náà, n kò ní fi ẹ̀dùn lásán pa ẹnu dé. Mo ní ohun mẹ́ta tí mo ń béèrè, orúkọ mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Èkíní, kí ẹ̀ka òfin wa ṣí ilé ìrànlọ́wọ́ òfin kan sílẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣí fún akẹ́kọ̀ọ́ ọgbà yìí àti òṣìṣẹ́ kékeré ọgbà yìí. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá pè síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan lè bá a lọ, kí ó sì rí i pé wọ́n fi ẹ̀sùn hàn án, wọ́n sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kò ní ná yunifásítì ní kọ́bọ̀. Bẹ́ǹṣì kan àti tábìlì kan tó.

Èkejì, kí ẹ̀ka òfin yìí mú ẹjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, ẹjọ́ àjèjì tí kò lè sanwó, kí ó sì dúró tì í títí yóò fi parí, bí ó tilẹ̀ gba ọdún mẹ́jọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òfin kò gbà á. Láti ọdún 2009 ni ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà ti sọ pé ẹlòmíràn tàbí ẹgbẹ́ lè pe ẹjọ́ lórúkọ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Àgọ́ ọlọ́pàá kò jìnnà sí géètì wa. Ju ìdajì àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni kóòtù kò tíì dá lẹ́bi. Iṣẹ́ kò wọ́n.

Ẹ̀kẹta kan àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé yìí. Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọdún 1948 ti wà ní èdè Yorùbá, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn ìdájọ́ ńkọ́? Ta ló ti sọ ìtàn Garba fún ìyá tó ń ta ìpápánu lẹ́nu géètì, lọ́nà tí yóò fi mọ̀ pé bí wọ́n bá lé ọmọ òun láìbi í léèrè, ó ní ibi tí òun lè lọ? Ta ló ti sọ ti àwọn tálíbé ní Yorùbá tó dùn létí? Lọ́yà kò lè sọ ọ́, Látìn á kọ́ ọ lẹ́nu. Iṣẹ́ wa ni. Mo dábàá pé kí gbogbo ìtẹ̀jáde wa láti ìsinsìnyí lọ ní ojú ewé kan fún ìdájọ́ kan, ní Yorùbá tí ìyá onípápánu lè gbọ́. N óò kọ ti àkọ́kọ́ fúnra mi.

Ẹni tó bá rò pé mo ti sọ àsọdùn, kí ó kọ èsì. Olóòtú ti ṣèlérí pé òun á tẹ̀ ẹ́. Kí ó má ṣáà kọ "ìwé la wá kà" sínú rẹ̀, nítorí ìwé tí mo kà ni mo rò fún yín yìí. Fọ́ọ̀mù ìbuwọ́lùwé fún ilé ìrànlọ́wọ́ òfin náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ mú báírò dání.